Bí ẹ ṣe lè jọ lọ sọ́jà kí ẹ má gbé ìjà bọ̀ wálé

Ọmọ aláta ni mí. Lẹ́yìn agbọ̀n tòmátò màmá mi ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá títí mo fi jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì mọ̀ nípa owó ni pé ẹni tó bá san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè fún un, àlejò ni onítọ̀hún, tàbí kí ilé rẹ̀ máa jó lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Bó bá parí iṣẹ́ alẹ́ ní aago 8 àárọ̀, tó yà sí ọjà Bódìjà n'Íbàdàn kó tó wọ máíkírà wá sílé wa ní Mọ́níyà, kò ní lò ju ìṣẹ́jú 20 lọ nínú ọjà náà. Á béèrè iye, á sanwó, á kúrò níbẹ̀. Bí mo bá wá tú àpò rẹ̀ wò nílé, tí mo ní, "Ìyá Tóbi, èló lo ra rodo yìí?", tó sì dá mi lóhùn, ọbẹ̀ ọjọ́ náà ti korò kí wọ́n tó gbé e kaná.

Ọdún 13 rèé tí a ti fẹ́ra. Mo lo bí ọdún mẹ́rin níbẹ̀ tí mo fẹ́ sọ ọ́ di irú mi, òun náà sì ń fẹ́ kí n dà bí òun. A kàn ń sọ owó nù ni, à ń sọ ohùn nù. Ohun tí mo kọ síbí ni ọgbọ́n tí a wá dá lẹ́yìn náà, tí kálukú fi ń ṣe tirẹ̀ tí ìkòkò ò sì ṣófo.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ilé tí wọ́n ti tọ́ yín

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta wọ oko tòmátò lókè Ọya, ní Kàdúná, Kánò àti Kàtsínà. Ẹ̀bólà tòmátò ni àwọn èèyàn sọ ọ́. Ọjà Ṣáṣá n'Íbàdàn, tí tírélà ti máa ń já agbọ̀n lé ara wọn lórí, ẹ ó débẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ó fojú ka iye agbọ̀n tó wà nílẹ̀ tán. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Tóbi gbé tòmátò mẹ́rin wálé, 300 náírà. Mẹ́rin! Mo tò wọ́n sórí tábìlì lójú rẹ̀, mo ní ṣé ẹyin ni. Kò fèsì. Ó wọ yàrá, ó sùn, nítorí ìdúró ló fi òru mọ́jú.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí tí a jókòó síta, kó tó sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀. Oṣù tí owó bá jáde, ọkọ̀ á já àpò ìrẹsì, àpò gàrí àti kéègì epo sílé. Oṣù tí owó ò bá jáde, ilé á gbẹ táútáú. Ọdún kan wà tí wọ́n jẹ wọ́n ní owó oṣù mẹ́fà. Òun ni wọ́n ń rán lọ sí ìsọ̀ láti lọ gba ìrẹsì dérìcà kan láwìn, ìyá onísọ̀ á sì máa pariwo orúkọ bàbá rẹ̀ létí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wá ra bisikíìtì. Láti ìgbà yẹn, kò lè dúró níwájú ọlọ́jà kó máa bẹ̀bẹ̀ owó. Tí wọ́n bá pè é ní 3,000, tí 3,000 sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè fojú kan oorun bí àpò ìrẹsì bá ti dé ìdajì.

Èmi ńkọ́? Kò sí àpò ìrẹsì nílé wa rí. Ohun tí a bá tà lónìí la fi ń ra ohun tí a ó jẹ lónìí, ìyókù á di owó ata ọ̀la. Lójú mi, owó tó bá jókòó sínú àpò ìrẹsì ti kú.

Ẹ wá rí i pé bí a ò bá sọ èyí, a lè jà lórí rodo títí dọ̀la. Nítorí náà, kí ẹ tó pín iṣẹ́ ọjà láàárín ara yín, ẹ jókòó kí kálukú ròyìn ilé rẹ̀. Ta ló ń lọ sọ́jà níbẹ̀? Àpò ni wọ́n ń rà ni àbí kóńgò? Wọ́n máa ń gba àwìn? Kí lohun tí wọn kì í jẹ́ kó tán? Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé o, tí ẹsẹ̀ ń ro yín.

Àpò ni àbí kóńgò

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, mi ò sì lè gba ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá fi owó wọ̀n fún mi. A ra àpò ìrẹsì kílò 50 kan. Mo gbé kóńgò wa jáde, èyí tí mo mọ̀ pé ìdí rẹ̀ tẹ́jú, mo ń wọ̀n, Tóbi ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Kóńgò 33 ó lé díẹ̀. Àpò yẹn, 76,000 la rà á. Kóńgò kan lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn, 2,500. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 82,500. Èmi tí mo ń ra kóńgò méjì-méjì, tí mo ń rò pé ọgbọ́n ni mò ń gbọ́n, mo ń fi 6,500 náírà ta ọlọ́jà lọ́rẹ lórí àpò kan. Mo gbà fún Ìyá Tóbi. Àmì ṣọ́ọ̀kì yẹn ṣì wà lára ògiri, ó ní kí ẹnikẹ́ni má nù ún.

Orí ìyẹn wú u, ló bá ra àpò ẹ̀wà olóyin ní oṣù Kẹfà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, bí ẹ bá gbé etí lé àpò náà, ẹ ó máa gbọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹun. A sá a sóòrùn, a fẹ́ ẹ, a ṣà á. Ihò ló kù.

Nítorí náà, ìrẹsì lè jẹ́ àpò. Ẹ̀wà, bí ẹ bá fẹ́ rà á púpọ̀, ẹ ra èyí tó gbẹ dáadáa, kí ẹ dà á sínú kéègì tó gbẹ, kó kún dé ọrùn, kí ẹ dé e pa kí atẹ́gùn má lè wọlé, kí ẹ má sì ṣí i fún bí oṣù kan tàbí méjì. Atẹ́gùn inú rẹ̀ á tán, kòkòrò ò ní rí èyí tí yóò mí. Kéègì kéékèèké ló dára jù, kí ẹ lè máa ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín nímọ̀ràn láti wọ́n oògùn sí i. Dichlorvos tí àwọn kan ń bù sẹ́wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, májèlé ni. Òun ló mú kí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà láti ọdún 2015, ní ọdún 2019 sì ni NAFDAC ní kí wọ́n yé ta ìgò mìlílítà 100 rẹ̀ lọ́jà gbangba. Bí ẹ bá bọ́wọ́ sínú ẹ̀wà ọlọ́jà kan nínú oṣù Keje tí ẹ ò rí kòkòrò kan ṣoṣo, tí òórùn kan sì gun yín nímú, ẹ kí i pé ó kú ọjà, kí ẹ kọjá.

Ẹja àti ẹran, iná ìjọba ló máa sọ iye tí ẹ ó rà. Èmi ni mo jẹ̀bi tibí yìí. Mo gbọ́ pé owó páálí ẹja títùs kéré, èmi àti aládùúgbò wa kan sì pín páálí kan. Lọ́jọ́ kẹta, transifọ́mà àdúgbò dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà. A fi ẹja jẹ ẹ̀kọ, a fi jẹ àmàlà, a fi jẹ búrẹ́dì. Àwọn ológbò àdúgbò wa sanra lọ́dún yẹn.

Tòmátò ní tirẹ̀ ṣeé ṣe. Bí ẹ bá bá a nílẹ̀ púpọ̀, láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, ẹ pín agbọ̀n kan láàárín ilé méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tú u sílẹ̀ kí ẹ tó sanwó tán, nítorí ìdí agbọ̀n ni èyí tó ti bàjẹ́ máa ń sá sí. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé àti rodo, ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, ẹ dín in nínú òróró tó máa bò ó lórí. Ó máa pẹ́ fún yín, iná wá o, iná lọ o. Epo pupa, láti oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni kí ẹ ra kéègì tiyín. Àlùbọ́sà, oṣù Kẹta sí Kẹrin. Ẹ̀wà, ìparí ọdún, nígbà tí ti òkè Ọya bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ má jẹ́ kí ojú iṣu tuntun kó yín sí wàhálà: èyí tó kọ́kọ́ jáde, omi inú rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì le.

Èyí tí a ń ná àti èyí tí a kì í ná

Sátidé kan, mo yí Bódìjà po fún wákàtí mẹ́ta. Mo dé, mo ń fọ́nnu: lórí gbogbo ohun tí mo rà, mo já 1,700 náírà kúrò lára iye tí wọ́n pè. Ìyá Tóbi mú bírò. Ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, 1,000. Aláàárù, 300. Mìnírà nítorí oòrùn, 500. Ó gbé ìwé náà síwájú mi, ó ní, "Bàbá Tóbi, ẹ jẹ gbèsè 100 náírà." Èmi, tíṣà ìṣirò.

Láti ọjọ́ yẹn la ti pín in. Ohun tí iye rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ (àpò ìrẹsì, òróró, ṣúgà, mílíìkì, ọṣẹ), tirẹ̀ ni, bó ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Kò ní san owó ọkọ̀ mìíràn. Ohun tí ojú ń rí kí ọwọ́ tó rà, àti ohun tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n (ata, tòmátò, ẹran, ẹja, èlùbọ́, gàrí, ẹ̀wà), tèmi ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ń bú mi lẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, ìyàwó yín rìnrìn-àjò ni?" Mo ní rárá, ó ń sùn.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń lọ ra ohun oníkóńgò, ẹ wo ọwọ́ ọlọ́jà, ẹ má wo ẹnu rẹ̀. Ó máa ti kóńgò bọ inú ẹ̀wà, á gbé e jáde, á fi ọwọ́ òsì gbá ẹnu rẹ̀ mọ́ra bí ìgbà tí èèyàn gbá ọmọ mọ́ra, ọwọ́ ọ̀tún á máa bù ú lé e títí táá fi ga bí orí òkè. Á ní, "Ẹ wò ó, mo ti kún un fún yín." Òkè yẹn ni ojú yín wà. Àtàǹpàkò òsì rẹ̀ sì rèé nínú kóńgò lọ́hùn-ún, òun àti ìdajì àtẹ́lẹwọ́. Kó tó dà á sínú ọ̀rá yín tán, ẹ̀kúnwọ́ kan ti padà sínú àpò rẹ̀. Àwọn kóńgò mìíràn wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí wọn wọnú. Ẹ yí i dojú dé, ẹ fi ọwọ́ pa á. Ti gàrí, wọ́n máa ń dà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti òkè kó lè wú. Ẹ ní kó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí bó ṣe máa sọ̀kalẹ̀. Èmi máa ń mú kóńgò ti ara mi dání. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ ọ́ ti sọ tẹnu rẹ̀.

Nínú nájà, òfin kan wà tí màmá mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ẹ má dá iye tí ẹ ò ní san. Bí ọlọ́jà bá ti ní "ẹ mú owó wá", ẹ ti rà á nìyẹn. Èébú tó bá tẹ̀lé e tí ẹ bá yí padà, tiyín ni. Ẹ sì ṣọ́ra bí ẹ bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀. Wọ́n máa ń dín in fún ẹni tó bá kọ́kọ́ rà, wọ́n á fi owó rẹ̀ pa orí ọjà kí ọjà lè tà, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ ẹni tó máa ná a lásán kó sì lọ. Ẹ má gbàgbé èènì. Ìyá Tóbi kì í béèrè èènì, ojú ń tì í. Mo ti sọ fún un pé ẹ̀tọ́ ni, kò gbà.

Òun náà ní òfin tó ṣe fún mi. Ọjọ́ kan la jọ lọ, mo bá ìyá àgbàlagbà kan tó tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tó to ìdì ewédú mẹ́jọ sórí rẹ̀. 200 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ká mú mẹ́ta ní 400. Ìyàwó mi fà mí lápá. Ó sanwó ìdì mẹ́rin, kò gba ṣéńjì, ó bá ìyá náà di ọ̀rá rẹ̀ kí òjò tó ń bọ̀ má bàa pa á. Nígbà tí a rìn síwájú, ó ní, "Gbogbo ohun tó wà lórí ọ̀rá yẹn, ṣé ó tó 2,000? Àti ọkọ̀ tó wọ̀ wá?" Láti ìgbà náà, ẹni tí gbogbo ọjà rẹ̀ bá lè wọ inú abọ́ kan, a kì í ná an. Màmá mi ì bá ta kò ó, àmọ́ ilé Màmá kọ́ ni mo wà.

Ẹnu kan níwájú ọlọ́jà

Bí ẹ bá máa mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, ẹ mú ibí yìí.

Ìsọ̀ elélùbọ́ ni. Ìyá náà pè é ní 3,500 kóńgò kan. Mo ní 2,600. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ. Mo mọ̀ pé 3,000 la máa parí rẹ̀ sí. Òun náà mọ̀. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan bí ẹni tó ń lọ, ó ti ń múra láti pè mí padà, àfi bí Ìyá Tóbi ṣe sọ lẹ́yìn mi pé, "Bàbá Tóbi, ẹ jẹ́ ká kúkú san án, ó kéré sí ti ìsàlẹ̀ ọ̀hún."

Ojú ìyá náà ṣí kúrò lára mi báyìí. Ó fa àpótí síwájú, ó ní kí ìyàwó mi jókòó. "Màmá, ẹ mà mọ ọjà o! Ẹ bá mi bẹ bàbá, àwọn ọkùnrin ò mọ ìyà tó ń jẹ wá kí èlùbọ́ tó débí." Ó ti rí ibi tí ògiri ti lanu. Kò tún sí ẹ̀dínwó kankan mọ́. Kóńgò mẹ́ta la rà, 1,500 la fi ṣòfò, a ò sì bára wa sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ fi já wa sílẹ̀.

Bí a ṣe wá ń ṣe é nìyí. Kí ẹ tó dé ìsọ̀, ẹ ti mọ ẹni tó máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹnì kejì á gbé báàgì, á kí ọlọ́jà, á pa ẹnu mọ́. Bí ẹni tó ń gbé báàgì bá rí i pé iye yẹn ti dára, kó gbé báàgì láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì: rà á. Bó bá rí ohun tí kò dára, bóyá ẹran náà ti ń yí àwọ̀, bóyá òkè Bódìjà lọ́hùn-ún ni nǹkan ti kéré, kó sọ pé, "Bàbá Tóbi, ṣé gáàsì ò ti tán nílé?" Èyí túmọ̀ sí ká máa lọ. Ẹ wá tiyín, ohun tí ọlọ́jà ò ní lè dá sí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ béèrè ìdí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ di inú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ohun tí ẹnì kan bá ti rà, ó ti rà á. Kò sí "èmi ì bá má rà á báyẹn" mọ́ lẹ́yìn tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́. Èyí ló le jù fún mi, mo ṣì ń ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìwé ọjà

Kúkúrú ni mo máa sọ èyí. Òun a máa kọ ìwé ọjà, èmi kì í kọ. Ó kọ "ẹja", mo gbé pánla wálé. Àlejò ló fẹ́ fi ẹja tútù se ọbẹ̀ ata fún. Ó kọ "ata", mo ra ṣọ̀mbọ̀. Ẹ kọ irú rẹ̀, ẹ kọ iye rẹ̀, ẹ kọ ọbẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi í se, kí ẹni tó ń lọ lè mọ ohun tó máa fi rọ́pò bí kò bá rí i. Bí ó bá di ti ẹran, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí alápatà tó gbé àdá sókè. Ìyá Tóbi ò jẹ ṣàkì. Mo ti mọ̀.

Owó

Èmi àti òun ń dá owó oúnjẹ sínú àpò kan níparí oṣù, ìwé kékeré kan sì wà nínú rẹ̀: ọjọ́, ohun tí a rà, iye. Ẹni tó bá rà á ló ń kọ ọ́. Kò sí ẹni tó ń fi ìwé náà fẹ̀sùn kan ẹnì kejì. A ń fi mọ bí iye ṣe ń gbéra ni. Ẹ̀yin ọkọ tó jẹ́ pé ẹ kàn ń ka owó oúnjẹ lé tábìlì, tí iye tí ẹ ń kà sì ti wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹ bá mi dé ọjà lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ ra ata 1,000 náírà. Ẹ kà á. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá béèrè pé níbo lowó wọlé sí.

Ọdún 2023 yẹn náà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n mìíràn. Ní oṣù Kejì, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà tí owó bébà di ohun àwátì, mo dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà tí mo ti ń ná láti ọdún méje. Mo ní kí n fi owó ránṣẹ́ sí báńkì rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, owó bébà." Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyàwó mi kọjá níbẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí ìyá náà fi ní, "Màmá nọ́ọ̀sì, kóńgò mélòó? Ẹ máa gbé e lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé kí ẹ fi ránṣẹ́." Èyí tó ti ń san láìná látọjọ́ yìí wà nípamọ́ lọ́dọ̀ ìyá náà, mo sì rò pé ó ń sọ ọ́ nù. Láti ìgbà yẹn, a ní oníbàárà méjì, ẹlẹ́wà kan àti aláta kan, tí mi ò gbọ́dọ̀ fún lọ́rùn.

Èyí tó kù dùn mí láti kọ. Èmi, ọmọ tí wọ́n ń fi owó òòjọ́ bọ́, rí i pé ìsọ̀ tó wà ní ìkóríta wa ń ta àwìn fún mi: búrẹ́dì lónìí, ẹyin lọ́la, máa san án tó bá yá. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ti di 4,200 nígbà tí Ìyá Tóbi lọ ra ṣúgà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí onísọ̀ sì sọ fún un lójú èrò pé kó rán bàbá Tóbi létí gbèsè rẹ̀. Ó dé ilé, ó gbé ṣúgà kalẹ̀, ó ní, "Mo rò pé mo ti dàgbà kúrò níwájú ìsọ̀ yẹn." Mo wọ sálúbàtà, mo lọ san án lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá máa gba àwìn, kí ẹni kejì gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Sátidé tó kọjá, àwa méjèèjì jọ lọ. Lọ́dọ̀ aláta wa, mo ń ná tàtàṣé, mi ò fún un lọ́rùn o, mo kàn ń kí i ni. Ìyá Tóbi yọjú wo inú agbọ̀n, ó rí èyí tó ti rọ̀ lábẹ́, ó ní, "Bàbá Tóbi, ṣé gáàsì ò ti tán nílé?" Kí n tó yí padà, aláta náà ti pa àtẹ́wọ́. "Gáàsì yín ti ń tán láti ọdún mẹ́ta! Ẹ dúró, màmá, mo máa ṣà á fún yín." Ó yọ èyí tó rọ̀ kúrò, ó fi mẹ́ta sí i. A ti ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn báyìí. Tóbi ní ká máa sọ pé ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́.